iPod Kan Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó ni iPod (ẹ̀rọ kékeré tí Apple ṣe fún gbígbọ́ orin) tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń fi orin sí òde ayẹyẹ káàkiri Abẹ́òkúta. Òkú àgbà, ìwúyè, ìkómọ, ìgbéyàwó: ibi tí àwọn àgbà bá ti fẹ́ gbọ́ àpàlà, sákárà, wákà àti jùjú àtijọ́ ni wọ́n ti ń pè é. iPod classic oní-160GB ni, irú èyí tí Apple gbé jáde ní 2009, tí wọ́n sì dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní 2014. Kò fẹ́ fi fóònù rọ́pò rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òde. Ìpè kankan kò lè wọlé láàárín orin, kò nílò dátà, Apple sì sọ pé bátìrì rẹ̀ lè gbé orin fún wákàtí 36 bó bá kún.

Orin inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 9,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú kásẹ́ẹ̀tì àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ti gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń gba apá kan tán kí wọ́n tó yí i sí èkejì.

Kọ̀ǹpútà méjì ló ń lò, Windows sì ni méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, níbi tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà. Èkejì jẹ́ láptọ̀ọ̀pù ilé ní Ìbarà, tó fi ń gba orin tuntun táwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí iPod náà ti ń síńkì, ìyẹn ni pé kó mú orin inú rẹ̀ bá ti kọ̀ǹpútà dọ́gba, pẹ̀lú ti ṣọ́ọ̀bù nìkan. Orin bí 1,300 ló wà lórí láptọ̀ọ̀pù, tí kò tíì dé inú iPod rí.

Lẹ́yìn náà ni háádì dísìkì kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́. Ó ń dún káká-káká fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó kó nǹkan kúrò lórí rẹ̀, ó sì kú. Wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n tún Windows fi, wọ́n tún iTunes, ètò Apple tó ń tọ́jú orin lórí kọ̀ǹpútà tó sì ń fi í sínú iPod, gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì. iTunes tuntun náà ṣófo. Ọkàn olóhun balẹ̀, torí pé gbogbo orin ṣì wà nínú iPod. Láti ọjọ́ yẹn lọ, orin 9,000 náà kò sí níbòmíràn láyé yìí àfi orí dísìkì kékeré kan tí wọ́n ń gbé kiri òde, tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ tán nígbà yẹn. Èyí tó kù kò ju kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì lọ.

Bọ́tìnnì náà

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Ó fi fláàṣì kó orin 1,300 tó wà lórí láptọ̀ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dà wọ́n sínú iTunes tuntun, ó sì ki wáyà bọ iPod kí àwọn orin náà lè wọlé kí òde Sátidé tó dé. Àpótí ọ̀rọ̀ kan yọ sójú kọ̀ǹpútà. Ó ní iPod yìí ti bá àkójọ orin iTunes mìíràn síńkì, ó sì bèèrè bóyá kí òun nu ohun tó wà nínú rẹ̀, kí òun fi ti àkójọ yìí rọ́pò. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀: “Cancel”, “Transfer Purchases” àti “Erase and Sync”. Ọmọ iṣẹ́ náà rò ó pé kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni iPod ti ń bá ṣe láti ọjọ́ yìí wá, kò lè jẹ́ pé nǹkan kan máa ṣe é. Ó tẹ “Erase and Sync”.

Ibi tí ìrònú rẹ̀ ti ṣì nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. iPod kò mọ kọ̀ǹpútà. Àkójọ orin ló mọ̀. Nígbà tí iTunes bá dá àkójọ orin tuntun sílẹ̀, yóò fún un ní àmì ìdámọ̀ kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 lápapọ̀, tí kò bá ti àkójọ mìíràn dọ́gba. Inú fáìlì “iTunes Library.itl” ló wà, bí fáìlì XML àkójọ náà bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèyàn lè fi Notepad ṣí i kó rí i níbi tí wọ́n kọ “Library Persistent ID” sí. iPod tó bá ń síńkì fúnra rẹ̀ máa ń tọ́jú àmì yìí, òun ló sì fi ń wò bóyá ẹni tó mọ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí wọ́n tún iTunes fi ní ṣọ́ọ̀bù, àmì ti yí padà. Kọ̀ǹpútà kan náà, tábìlì kan náà, wáyà kan náà, síbẹ̀ àjèjì ni lójú iPod.

Ẹ tún wo ìtumọ̀ síńkì fúnra rẹ̀. Bí iTunes bá ń ṣe é láìjẹ́ pé èèyàn ń fọwọ́ yàn án, ohun tí kò bá sí nínú àkójọ kò gbọdọ̀ sí nínú iPod. Kò sí àbùlé níbẹ̀, ìmúdọ́gba ni. “Transfer Purchases” pàápàá kì bá tí gbà á sílẹ̀, nítorí orin tí wọ́n rà lọ́wọ́ iTunes Store nìkan nìyẹn máa ń kó padà. Kò ní fọwọ́ kan orin tí wọ́n gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì.

Pípa rẹ́ ló máa ń ṣáájú, kì í sì í pẹ́. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ náà fi rí i pé ọ̀pá àyè tó wà nísàlẹ̀ iTunes ti ṣófo, orin tuntun ti ń wọlé, ó ti tó bí 200. Ẹ̀rù bà á, ó fa wáyà yọ.

A kì í fa wáyà yọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kéèyàn tẹ àmì X tó wà lókè iTunes níbi tó ti ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn, kó dúró kó dákẹ́, kó tó tẹ àmì ìyọkúrò. Ṣùgbọ́n dídá tí iṣẹ́ náà dá dúró lójijì ṣe olóhun lóore ńlá. Orin 200 kò gbà ju bíi 1GB lọ nínú àyè 45GB tí ti àtijọ́ wà. Ká ní ó jẹ́ kí gbogbo 1,300 wọlé ni, ohun tí wọn ì bá rí gbà padà ì bá kéré sí i dáadáa.

Kí ọ̀gá tó dé, àwọn ará ìtòsí ti kó ìmọ̀ràn jọ. Ẹnì kan ní kó tẹ “Restore” nínú iTunes, pé orúkọ rẹ̀ ló ń sọ pé ó máa dá nǹkan padà. Kò sí ohun tí ìyẹn ń dá padà ju ètò iPod fúnra rẹ̀ lọ. Ṣe ni yóò tún dísìkì pín, tí yóò sì sọ ọ́ di òfìfo. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n so ó mọ́ láptọ̀ọ̀pù ilé wò. Ọ̀gá dé, ó pe oníṣẹ́ tó ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Ẹ káàsán, ẹnjiníà. Orin inú iPod ti lọ tán pátápátá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ má so ó mọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ má tẹ orin kankan lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹ máa gbé e bọ̀.”

Ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má tẹ orin ní ìdí. iPod máa ń kọ iye ìgbà tí orin kọ̀ọ̀kan ti dún sínú fáìlì kan lórí dísìkì rẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì kọ lè bọ́ sórí orin tí wọ́n ń wá.

Gbígba orin padà

Háádì dísìkì tó ń yí ló wà nínú iPod classic. Bí wọ́n bá ti fi Windows tò ó, FAT32, ìlànà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí dísìkì, ni dísìkì náà máa ń lò. Bí wọ́n bá pa fáìlì rẹ́ lórí FAT32, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń yí padà, wọ́n á sì pa àkọsílẹ̀ ọ̀nà tó so ègé fáìlì náà pọ̀. Ohùn orin fúnra rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà títí nǹkan mìíràn yóò fi gùn ún.

Láptọ̀ọ̀pù tó ń lo Linux dípò Windows ni oníṣẹ́ náà lò, nítorí iTunes kò sí lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ta gìrì bẹ̀rẹ̀ síńkì. Ó kọ́kọ́ ṣètò láptọ̀ọ̀pù náà kó má máa ṣí dísìkì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé iPod wọ ipò dísìkì: èèyàn á di Menu àti bọ́tìnnì àárín mú papọ̀ títí àmì Apple yóò fi yọ, lójú ẹsẹ̀ yóò sì tú wọn sílẹ̀, yóò di bọ́tìnnì àárín àti Play mú títí “Disk Mode” yóò fi hàn. Kò wá fáìlì kankan lórí iPod fúnra rẹ̀. Ó fi ètò kan tó ń jẹ́ ddrescue ya àwòrán, ìyẹn ẹ̀dà pérépéré, gbogbo dísìkì náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sórí háádì dísìkì ìta oní-500GB. Ó ju wákàtí méjì lọ, torí pé USB 2.0 ni iPod ń lò, dísìkì inú rẹ̀ náà kò sì yára. Orí láptọ̀ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára ló ti ṣe é, kí iná má baà já a sí àárín ọ̀nà.

Nígbà tí àwòrán náà pé, wọ́n gbé iPod sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo iṣẹ́ tó kù di orí àwòrán, ibi tí àṣìṣe kò ti lè pa nǹkan kan lára.

PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́, ló fi wá orin. Ó yan apá FAT32, ó ní kó wo àyè òfìfo nìkan, nítorí àwọn orin 200 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti wà lórí láptọ̀ọ̀pù ilé, kò sí ìdí láti tún wọn gbà. Ó yan MP3 nìkan láàárín irú fáìlì. Ohun tó jáde wà nínú àwọn fódà tí PhotoRec ń pè ní recup_dir.1, recup_dir.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lẹ́tà f àti nọ́ńbà gígùn kan. Ó jáde ní nǹkan bí 8,300.

Olóhun rí àwọn orúkọ náà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì kò já mọ́ nǹkan kan níbí. iTunes fúnra rẹ̀ ti yí orúkọ wọn padà láti ọjọ́ tó ti kó wọn sínú iPod: ó máa ń fún wọn ní orúkọ lẹ́tà mẹ́rin, yóò sì fọ́n wọn ká sínú àwọn fódà tó ń jẹ́ F00, F01 títí lọ. Orúkọ olórin, àkọlé àti àwo wà nínú orin gan-an, nínú táàgì ID3 tó máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì MP3. Oníṣẹ́ náà ṣí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú Mp3tag, ètò tó ń tún táàgì ṣe, ó yan gbogbo wọn, ó sì ní kó fi táàgì sọ wọ́n lórúkọ ní ìlànà %artist% - %title%. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nọ́ńbà gígùn di orúkọ olórin.

Bí orúkọ ṣe padà ni ìṣòro kan tó ti wà tipẹ́ fojú hàn. Ibì kan kọ “Alhaji” ṣáájú orúkọ olórin, ibì kan kọ “Alh.”, ibì kan kọ orúkọ lásán, ibòmíràn fi orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kún un. Olórin mẹ́rin ni iPod máa kà wọ́n sí. Wọ́n jókòó tún wọn ṣe olórin kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n fi “Artist” àti “Album Artist” bá ara wọn mu. Iṣẹ́ yìí ń súni, kò sì sí ohun tó lè bá èèyàn ṣe é bíi kéèyàn mọ orin. Olóhun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn. Àpàlà kan ń lọ dáadáa, àgídìgbo ń dún lábẹ́, elégbè ń gbè é. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrin, láàárín ọ̀rọ̀ kan tí olórin kò tíì sọ tán, gìtá jùjú bẹ́ wọlé, orin mìíràn sì ń bá a lọ títí dé òpin. Fáìlì kan ni o. Ohun tó fà á ni pé iPod tí wọ́n ti ń fi orin sí tí wọ́n ń yọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í rí àyè gbọọrọ gbé orin lé. Á gbé ìdajì síbí, á gbé ìdajì sọ́hùn-ún. Àkọsílẹ̀ tó so ìdajì méjèèjì pọ̀ ti parẹ́, PhotoRec sì kà á lọ tààrà. Ẹ̀rọ tó ń gbé MP3 kò ní kọ̀ ọ́, nítorí ègé kọ̀ọ̀kan nínú MP3 ló ní àkọlé tirẹ̀, tó lè dún láìsí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Èyí ni kò fi yẹ kí oníṣẹ́ sọ pé orin ti padà nítorí pé ó ń dún. MP3val, ètò tó ń yẹ fáìlì MP3 wò, bá wọn tọ́ka sí ọ̀pọ̀ èyí tó bàjẹ́, etí ló mú ìyókù. Wọ́n rí bí 400 tí kò dára mọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ìpò àfọwọ́yàn

Ó wá ku bí iPod yóò ṣe máa bá kọ̀ǹpútà méjì gbé. Èyí tó rọrùn jù ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n da orin tí wọ́n gbà padà sínú iTunes ṣọ́ọ̀bù, wọ́n “Restore” iPod nígbà tí kò séwu mọ́, wọ́n sì lọ sí “Summary”, wọ́n yan “Manually manage music and videos”, wọ́n tẹ “Apply”. Láti ìgbà náà, iTunes kò ní fi nǹkan kan sí i tàbí yọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Èèyàn ló máa fa orin láti inú àkójọ sórí iPod. iPod classic àti nano gbà kí wọ́n ṣe èyí láti orí kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ. iPod touch àti iPhone kò gbà bẹ́ẹ̀; àkójọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà orin lọ́wọ́ rẹ̀, kódà ní ìpò àfọwọ́yàn.

Fún ẹni tó kàn ń gbọ́ orin tirẹ̀, ó tó. Fún iṣẹ́ òde yìí kò tó. Orin tó bá gba ilé wọ inú iPod kò dé ṣọ́ọ̀bù, èyí tó bá gba ṣọ́ọ̀bù wọlé kò dé ilé. Lẹ́yìn oṣù méjì, iPod tún ti di ibi kan ṣoṣo tí gbogbo orin ti pàdé, bó ṣe wà kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

Iná ló mú ọ̀ràn dé ojú ọ̀gbagadè. Wọ́n ń fa orin sórí iPod láti orí kọ̀ǹpútà tábìlì ní Pánṣẹ́kẹ́ nígbà tí iná lọ. Kọ̀ǹpútà náà kò ní UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí iPod, ó ní orin 0. Ẹ̀rù tún bà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n so ó mọ́ iTunes, ọ̀pá àyè fi hàn pé ohun tó ń jẹ́ “Other” ti gba àyè tó pọ̀ gan-an. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí oníṣẹ́ mọ̀ nìyí: nígbà àkọ́kọ́, àyè ti ṣófo, orin ti lọ. Nígbà yìí, orin wà níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ iTunesDB ló bàjẹ́, nítorí pé òun ni iTunes ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ.

Kí oníṣẹ́ tó dé, ẹnì kan ti fi ètò àtijọ́ kan tó wà lórí fláàṣì rẹ̀ kọ iTunesDB tuntun. Ó parí láìsí àṣìṣe kankan, iPod sì tún ní orin 0. Láti 2007, nígbà tí iPod classic àti nano kẹta jáde, Apple ti fi àmì àṣírí kan kún iTunesDB tí wọ́n ń ṣírò pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára iPod gan-an. Ètò tí kò bá mọ ìṣirò náà lè kọ ìwé àkọsílẹ̀ tó pé pérépéré, iPod kò ní gbà á.

Kò gba ọgbọ́n ńlá láti tún èyí ṣe. Oníṣẹ́ náà kàn ní kí Windows fi àwọn fáìlì tó fara pamọ́ hàn, ó ṣí iPod_Control, ó kó gbogbo fódà Music síta sórí háádì dísìkì. Orin gbogbo jáde, orin ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù papọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dà wọ́n sínú iTunes, yóò ka táàgì wọn, ohun gbogbo á sì bọ́ sáàyè rẹ̀. Táàgì tí wọ́n ti jókòó tún ṣe lọ́jọ́sí ló jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọn kò gbà

Ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe àdàkọ àmì ìdámọ̀: kí wọ́n mú àmì 16 ti àkójọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú XML ti ilé, kí wọ́n ba fáìlì .itl ilé jẹ́ kí iTunes lè tún un kọ láti inú XML, kí iPod má baà mọ ìyàtọ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn èèyàn sì ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Kò yẹ kí oníṣẹ́ kankan gbà á fún iPod tó ń síńkì fúnra rẹ̀. Àkójọ méjì tí orin wọn kò dọ́gba, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, yóò máa pa orin ara wọn rẹ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá so iPod mọ́ ọ̀kan nínú wọn, àpótí ọ̀rọ̀ tó ń kìlọ̀ kò sì ní yọ mọ́. Àpótí yẹn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àkójọ kan tó ń rìn

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé kí àkójọ má jẹ́ méjì mọ́. Wọ́n ra háádì dísìkì ìta oní-1TB, wọ́n tò ó ní ìlànà NTFS, ti Windows, nítorí Windows ni kọ̀ǹpútà méjèèjì. Àkójọ orin àti orin fúnra rẹ̀ yóò máa gbé orí dísìkì yìí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fẹ́ lò ni wọ́n máa so ó mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí àkójọ tó wà níbòmíràn á di Shift mú bó ti ń ṣí iTunes, títí yóò fi béèrè “Create Library” tàbí “Choose Library”. Lórí Mac, Option ló máa dì mú. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yan “Create Library” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fi sínú fódà iTunes lórí dísìkì ìta. Nílé, “Choose Library” ni, wọ́n sì tọ́ka sí fódà kan náà. Wọ́n so iPod mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jẹ́ kó nù ún kó sì bá àkójọ tuntun yìí síńkì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé tí wọ́n so ó mọ́ láptọ̀ọ̀pù, àpótí ọ̀rọ̀ kankan kò yọ. Àmì kan náà ló rí.

Ṣùgbọ́n àmì ìyanu yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ orin nílé, iTunes ní òun kò rí fáìlì wọn. Wọ́n ti da orin sínú iTunes láti inú fódà tí wọ́n kó wọn sí nígbà ìgbàpadà, láìkọ́kọ́ yan “Copy files to iTunes Media folder when adding to library” ní “Preferences”, lábẹ́ “Advanced”. Nítorí náà iTunes kọ ọ̀nà fódà yẹn sílẹ̀ bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí dísìkì ìta ti ń jẹ́ E. Nílé, F ló ń jẹ́. Ohun méjì ni wọ́n ṣe. Wọ́n lọ sí “File”, “Library”, “Organize Library”, wọ́n yan “Consolidate files”, kí gbogbo orin lè bọ́ sínú fódà iTunes fúnra rẹ̀. Wọ́n tún lọ sí Disk Management lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, wọ́n sì sọ dísìkì náà ní M níbi méjèèjì. M jìnnà sí lẹ́tà tí fláàṣì lásán máa ń gbà.

Láptọ̀ọ̀pù ilé tún gba iTunes tuntun láti íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, ti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ láti ṣí àkójọ, ó ní iTunes tó tuntun ju òun lọ ló kọ fáìlì .itl náà. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ di Shift mú kó tẹ “Create Library”, ọ̀gá rẹ̀ sì dá a dúró. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ ni, àmì tuntun nìyẹn, àpótí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí á sì tún yọ. Wọ́n gbé iTunes ṣọ́ọ̀bù dé ipò kan náà pẹ̀lú ti ilé, wọ́n sì pa yíyẹ ètò tuntun wò fúnra rẹ̀ níbi méjèèjì. Bí kò bá ṣeé ṣe láti gbé ẹ̀rọ kan sókè, fódà “Previous iTunes Libraries” wà níbẹ̀. iTunes máa ń tọ́jú .itl àtijọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lára orúkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń yí àkójọ padà sí ti tuntun.

Ẹni tó bá fi Apple Music àti Apple Devices sórí Windows, kó mọ̀ pé iTunes kò ní bójú tó orin mọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Apple Devices ni síńkì máa bọ́ sí lọ́wọ́. Lórí iṣẹ́ yìí, wọn kò fi wọ́n sí ẹ̀rọ kankan nínú méjèèjì. MacBook tí ọmọ iṣẹ́ ní náà kò bá wọn kópa. Mac lè ka iPod tí wọ́n fi Windows tò, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sórí dísìkì NTFS láìsí ètò àfikún, láti Catalina, ètò Mac tó jáde ní 2019, sì ni síńkì ti kúrò nínú iTunes lórí Mac lọ sínú Finder, ètò tí Mac fi ń ṣí fáìlì. Ẹ̀rọ kẹta á fi kún wàhálà, kò sì ní fi kún orin.

Ohun tí oníṣẹ́ lè mú nínú rẹ̀

Bí wọ́n bá gbé iPod wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibòmíràn wo ni orin inú rẹ̀ wà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, kíkó fódà Music síta ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kan iTunes rárá. Bí wọ́n bá ní láti so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ní iTunes, kí wọ́n di Ctrl àti Shift mú kí wọ́n tó ki wáyà bọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì tú wọn sílẹ̀ títí iPod yóò fi hàn nínú iTunes. Síńkì kò ní bẹ̀rẹ̀. Lórí Mac, Command àti Option ni. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ti oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó lọ sí “Preferences”, “Devices”, kó yan pé kí iPod, iPhone àti iPad má ṣe máa síńkì fúnra wọn.

Dísìkì M ní ẹ̀dà kejì tó ń gbé ilé, tí kì í bá M lọ sí ibì kan. robocopy, àṣẹ inú Windows tó ń ṣe àdàkọ fáìlì, ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú /E, kì í ṣe /MIR. /MIR máa ń pa ohun tí kò bá sí lórí M rẹ́ lórí ẹ̀dà, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n bá fọwọ́ pa rẹ́ lórí M á parẹ́ níbi méjèèjì. Pẹ̀lú /E, ẹ̀dà á máa tóbi sí i díẹ̀díẹ̀, orin tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà á sì wà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lójú wa, àyè dísìkì kò wọ́n tó kásẹ́ẹ̀tì tí téèpù rẹ̀ ti ń gbó.

Kí iPod tó jáde lọ sí òde, wọ́n á ṣí “Settings”, wọ́n á wo “About”, wọ́n á fi iye orin tó wà níbẹ̀ wé iye tó wà nísàlẹ̀ iTunes. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, iPod kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n yóò fi rí ìdí rẹ̀. Nínú orin 400 tó bàjẹ́, àwọn tí kásẹ́ẹ̀tì wọn ṣì wà ni wọ́n ń gbà padà báyìí ní Pánṣẹ́kẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ọmọ iṣẹ́ náà ló sì ń ṣe é.